Ọ̀gá Tó Bá Wọn Wọ Ọkọ̀

Ètò yín ti dé o, ọ̀rọ̀ àsọyé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá mélòó ni ẹ ti sìn láyé yín? Ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ọ̀gá nínú ẹgbẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ ọwọ́. Nínú gbogbo wọn, mélòó ló ń sọ pé, "Ẹ máa lọ"? Mélòó ló sì ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ"?

Ẹ rò ó wò ná.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lálẹ́ yìí, "Ẹ jẹ́ ká lọ" ni tirẹ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni. Herbert George Hasler ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Blondie ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí irun orí rẹ̀ àti irunmú rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà. Ọ́físà ni nínú Royal Marines. Àwọn wo ni Royal Marines? Àwọn ṣọ́jà ojú omi ni. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ jà. Hasler gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àmì ẹ̀yẹ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí ohun tó ṣe lọ́dún 1942 ni. Ó ní iṣẹ́ ikú kan láti rán àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò rán wọn. Ó bá wọn lọ.

Ìlú Dublin ní Ireland ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1914. Ọdún yẹn náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ́físà ológun ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1917, wọ́n kó bàbá náà àti ọ̀pọ̀ ṣọ́jà mìíràn sínú ọkọ̀ kan tó ń gba òkun Mẹditaréníà kọjá. Ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì yìnbọn lu ọkọ̀ wọn. Ó rì. Bàbá Hasler bá a rì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ dá tọ́ ọmọ, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá rẹ̀ ló kù tó tọ́ ọ.

Ṣé ẹ rò pé ọmọ tí omi gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa bẹ̀rù omi? Rárá o. Omi gan-an ló gbà á lọ́kàn. Kó tó dàgbà rárá ló ti ń kan ọkọ̀ kékeré fúnra rẹ̀, tó ń wà á kiri etí omi. Nígbà tó di ọdún 1932, ó wọ Royal Marines.

Nígbà tó yá, ogun kejì dé, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà. Wọ́n rán Hasler lọ sí Nọ́wè lọ́dún 1940. Ní Narvik, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti darí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ lábẹ́ ìbọn. Àwọn ọmọ ogun Faransé wà lára àwọn tó kó. Ó ṣe é dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ OBE, Faransé fún un ní Croix de Guerre. Ó padà sílé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1941, Hasler kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kí ló kọ síbẹ̀? Ó ní, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ àjẹ̀ jagun. Ọkọ̀ kékeré, ẹni méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n wọ èbúté ọ̀tá lóru. Kí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti lọ. Àwọn ọ̀gá ka ìwé náà. Wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Wọ́n gbé e tì.

Oṣù Kejìlá ọdún náà kò tíì parí tí ọmọ ogun Ítálì mẹ́fà péré fi gba abẹ́ omi wọ èbúté Alexandria ní Íjíbítì. Wọ́n ba ọkọ̀ ogun ńlá Gẹ̀ẹ́sì méjì jẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹni mẹ́fà! Ọkọ̀ ogun ńlá méjì! Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé ẹnì kan ti kọ̀wé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Hasler.

Wọ́n fi í sí Southsea, létí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Portsmouth. Wọ́n ní kó kó ọ̀dọ́mọkùnrin jọ, kó kọ́ wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà kò jọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fura: Royal Marine Boom Patrol Detachment. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu èbúté ni. Ta ni àwọn ọmọ tó kó jọ? Kì í ṣe akíkanjú tí ayé ti mọ̀. Ọmọ tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì wọ ọkọ̀ àjẹ̀ rí. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Bill Sparks, ọmọ ìlà oòrùn London. Bàtà ló ń tún ṣe kó tó di ṣọ́jà. Ogun ti pa ọmọ ìyá rẹ̀ lójú òkun, inú ọkọ̀ Naiad. Ó wá nítorí ìbínú ìyẹn.

Hasler ló kọ́ wọn. Òun náà ló bá wọn wa ọkọ̀, tó bá wọn rẹ sínú omi tútù, tó bá wọn sùn sórí ẹrẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fún wọn, igi ni ìdí rẹ̀, aṣọ kánfáàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣeé tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹní, kó lè gba ẹnu ihò ọkọ̀ abẹ́ omi kọjá. Cockle ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dán ìrìn náà wò lórí odò Thames lóru. Ó kùnà pátápátá. Wọ́n tún un ṣe.

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ, káàbọ̀ o. Ìtàn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan là ń sọ, Blondie Hasler, ọ̀gá tí kì í sọ pé, "Ẹ máa lọ." "Ẹ jẹ́ ká lọ" ni tirẹ̀.

Ibo wá ni wọ́n ń lọ? Bordeaux ni, ní ilẹ̀ Faransé. Hitler ti gba Faransé nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ ẹrù ńlá ń ti Éṣíà wá sí Bordeaux, wọ́n ń kó rọ́bà àti oríṣiríṣi ẹrù tí ogun Jámánì ń jẹ. Láìsí rọ́bà, táyà kò sí. Láìsí táyà, mọ́tò ogun kò lè rìn. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn ọkọ̀ yẹn dúró. Ṣùgbọ́n Bordeaux kò sí létí òkun. Inú odò ló wà, nǹkan bí 60 máìlì sí ẹnu odò Gironde. Ọkọ̀ ogun ńlá kò lè wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ju bọ́ǹbù láti ojú ọ̀run, àwọn ará ìlú, àwọn ará Faransé tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ni yóò kú. Kí ló kù? Ọkọ̀ àjẹ̀ ló kù.

Hasler gbé ètò náà kalẹ̀. Lórí ìwé náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ipò aṣíwájú. Àwọn ọ̀gá ní rárá. Wọ́n ní òun nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀délẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá kú, ta ni yóò kọ́ àwọn mìíràn? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ wọn ní làákàyè nínú. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ bí mo bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Lord Mountbatten, ẹni tó ń darí irú iṣẹ́ ogun bẹ́ẹ̀. Hasler dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá lọ láìsí òun, tí wọn kò sì padà, ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn tó bá kù? Mountbatten gbọ́, ó ní kó máa bá wọn lọ.

Ọmọ ọdún 28 ni.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1942, wọ́n wọ ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń jẹ́ Tuna ní Scotland. Ọkọ̀ àjẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti wà lábẹ́ omi ni Hasler ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún àwọn ọmọ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, Tuna yọrí síta lójú òkun, kò jìnnà sí ẹnu odò Gironde. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ àjẹ̀ síta nígbà tí irin ya ọ̀kan. Àwọn méjì tí wọ́n ni ọkọ̀ yẹn, Ellery àti Fisher, kò lè lọ mọ́. Ó dùn wọ́n gan-an. Ó dùn wọ́n pé wọn kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ síbi ikú. Ọkọ̀ márùn-ún ló gbéra. Ẹni mẹ́wàá.

Níbi tí odò Gironde ti ń pàdé òkun, omi ibẹ̀ kì í sinmi. Òkun ń tì wọlé, odò ń tì jáde. Ìgbì ń ga níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́. Nínú òkùnkùn, nínú òtútù oṣù Kejìlá, wọ́n gbọ́ ariwo omi níwájú wọn. Wọ́n wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde lódì kejì, wọ́n ka ara wọn. Ọkọ̀ kan kò sí níbẹ̀. Sájẹ́ńtì Wallace àti Ewart ni. Wọ́n wá wọn, wọn kò rí wọn.

Wọ́n tẹ̀síwájú. Ariwo omi tún dé. Ìgbì dojú ọkọ̀ kan dé. Sheard àti Moffatt wà nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí ni mo ti mọ irú ènìyàn tí Hasler jẹ́.

Ọkọ̀ ẹni méjì kò lè gba ẹni mẹ́ta. Bí Hasler bá gbé wọn sínú ọkọ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí ó bá dúró tì wọ́n, ilẹ̀ yóò mọ́, ọ̀tá yóò sì rí gbogbo wọn. Kí ni kó ṣe? Ìwọ tó ń gbọ́ mi, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Hasler ní kí àwọn méjèèjì di ọkọ̀ mú. Ó fà wọ́n. Ó ń fà wọ́n lọ lábẹ́ imú ọ̀tá, pẹ̀lú àkókò tí kò ní. Ó fà wọ́n sún mọ́ etí omi débi tó lè fà wọ́n dé. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún wọn pé ibi tí òun lè bá wọn dé nìyẹn, kí wọ́n gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Kò sí èyí tó bá a jiyàn nínú wọn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n pínyà.

Òkun gbé òkú Moffatt sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Sheard, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé ọ̀gá tó bá ọmọ rẹ̀ lọ ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Kò parí síbẹ̀ o. Ẹni tó bá lọ ló máa ṣe irú ìpinnu yẹn lójúkojú. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní London kò ní wo ojú Sheard. Hasler wò ó. Ẹrù ìyẹn, òun ló rù ú, kò gbé e lé orí ẹlòmíràn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ mìíràn tún já kúrò lára wọn. MacKinnon àti Conway ni. Ọkọ̀ méjì péré ló kù pa pọ̀: Hasler pẹ̀lú Sparks, Laver pẹ̀lú Mills. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sá pamọ́ sínú koríko etí odò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tún wa ọkọ̀. Àwọn apẹja Faransé rí wọn. Àwọn ará oko rí wọn. Hasler bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Jámánì ló wà lórí oyè, ìbọn wà, owó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà. Wọn kò sọ. Àwọn wọ̀nyẹn náà jagun o, bí wọn kò tilẹ̀ gbé ìbọn.

Alẹ́ ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n dé ibi ọkọ̀ ńlá. Hasler ń wa ọkọ̀ lọ lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so kọ́ sí èbúté Bordeaux. Bọ́ǹbù wọn ní òòfà lára, ó ń lẹ̀ mọ́ irin. Wọ́n á fi ọ̀pá gígùn tì í sísàlẹ̀ omi, yóò dì mọ́ ìdí ọkọ̀. Wọ́n ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì, iná tọ́ọ̀ṣì tàn láti òkè. Ọmọ ogun Jámánì kan tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ti gbọ́ nǹkan. Ó tan iná sí wọn lórí. Àwọn méjèèjì dorí kodò, wọn kò mira. Omi ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀, iná ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n ti kun ọkọ̀ wọn láwọ̀ tó jọ omi àti ẹrẹ̀. Bóyá ó rò pé igi ni. Iná kú. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n ń bá odò lọ padà, wọ́n ṣàdédé pàdé Laver àti Mills nínú òkùnkùn. Àwọn náà ti so bọ́ǹbù tiwọn. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè rìn pọ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ba ọkọ̀ wọn jẹ́, oníkálùkù gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní èbúté Bordeaux. Omi wọ àwọn ọkọ̀ ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa darapọ̀, Blondie Hasler là ń sọ, ọ̀gá tó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ó kù bí yóò ṣe délé.

Ẹsẹ̀ ni. Hasler àti Sparks rìn nǹkan bí 100 máìlì la oko àti igbó Faransé kọjá. Àwọn ilé kan tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn kan fún wọn ní aṣọ àti búrẹ́dì. Wọ́n dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ruffec, wọ́n wọ ilé oúnjẹ, wọ́n ra ọbẹ̀ mu. Nígbà tí Hasler fẹ́ sanwó, ó kọ nǹkan sórí bébà, ó fi í sáàárín owó: a jẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń sá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wo bí ó ti fi ẹ̀mí méjì lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni náà kò dà wọ́n. Wọ́n gbé wọn pamọ́ lọ sí oko kan, tọkọtaya àgbẹ̀ kan sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó gbà wọ́n lẹ́yìn náà ni Mary Lindell, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé Faransé, tó ń kó àwọn ọmọ ogun tó sá jáde kúrò nílẹ̀ náà. Nígbà tó rí irunmú Hasler, ó ní kó fá a kíá, nítorí irunmú yẹn ń pariwo fún gbogbo ayé pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni. Obìnrin náà, Jámánì mú un lẹ́yìn náà, wọ́n jù ú sí àgọ́ ìyà ní Ravensbrück. Ó yè é. Hasler àti Sparks gun òkè Pyrenees lẹ́sẹ̀, wọ́n bọ́ sí Sípéènì, wọ́n dé Gibraltar. Oṣù Kẹrin ọdún 1943 ni Hasler padà dé London.

Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé nínú àwọn mẹ́wàá tí òun kó jáde, òun àti Sparks nìkan ló dé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù? Omi gba Sheard àti Moffatt. Jámánì mú àwọn mẹ́fà tó kù, wọ́n sì pa wọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa síbí. Kì í ṣe ojú ìjà ni wọ́n ti pa wọ́n. Hitler ti pàṣẹ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942 pé irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pa wọ́n. Wallace àti Ewart, wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan náà tí Hasler ń so bọ́ǹbù. Àwọn mẹ́rin yòókù, wọ́n kó wọn lọ sí Paris, wọ́n pa wọ́n níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Aṣọ ṣọ́jà wà lọ́rùn Wallace àti Ewart nígbà tí wọ́n mú wọn. Òfin ogun sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ogun kì í ṣe ẹran pípa. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Jámánì pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ohun tuntun ni ìpànìyàn yìí lójú òfin. Kì í ṣe ogun ni mo pe ìyẹn o. Ìwà ọ̀daràn ni.

Ìjọba fún Hasler ní Distinguished Service Order. Wọ́n fún Sparks ní Distinguished Service Medal. Laver àti Mills, tí àwọn náà so bọ́ǹbù, kò lè gba irú tí Sparks gbà, nítorí òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí wọ́n fi í fún òkú. Wọ́n kàn dárúkọ wọn nínú ìwé ìyìn ni. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n rìn. Ikú nìkan ló yà wọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò kan náà, Gẹ̀ẹ́sì ní òṣìṣẹ́ mìíràn nínú Bordeaux, Claude de Baissac. Òun náà ti ń palẹ̀ mọ́ láti ba àwọn ọkọ̀ yẹn gan-an jẹ́ láti orí ilẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba tó rán an yàtọ̀ sí èyí tó rán Hasler. Ẹ̀ka kìíní kò sọ fún ìkejì. Ìkejì kò sọ fún ìkíní. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbi tí ọwọ́ ọ̀tún kò ti mọ ibi tí ọwọ́ òsì wà ńkọ́? Ẹni mẹ́jọ kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò tó ara wọn létí bó ti yẹ.

Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí ẹ ń bi ara yín nìyẹn, mo mọ̀. Jámánì tún àwọn ọkọ̀ kan lára wọn ṣe lẹ́yìn náà. Èmi kò ní sọ fún yín pé ọkọ̀ ẹrù tó ẹ̀mí ọmọkùnrin mẹ́jọ. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé Hasler kò ná ẹ̀mí ẹlòmíràn láìfi tirẹ̀ kún un.

Ogun kò tíì tán fún un. Wọ́n rán an lọ sí Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí yóò wọ etíkun Bọ́mà lóru. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ orúkọ yẹn. Bọ́mà yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ wa láti Nàìjíríà lọ. Ní agbègbè Arakan, wọ́n rin ẹrẹ̀, wọ́n ru ẹrù lórí, wọ́n jà, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà. Ogun kan náà ni, etíkun kan náà ni.

Lọ́dún 1948, Hasler fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Oyè Lieutenant-Colonel ló fi fẹ̀yìn tì. Ẹ lè rò pé yóò jókòó jẹ́ẹ́. Kò jókòó. Òkun tún pè é. Ó kọ́ ọkọ̀ kékeré kan tó sọ ní Jester. Aṣọ ọkọ̀ rẹ̀ kò dà bí ti òyìnbó, ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ló yá lò. Ó ṣe é kí ẹnì kan ṣoṣo lè wà nínú ilé ọkọ̀, kó máa fa okùn láìjáde sínú òjò. Ó tún ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi atẹ́gùn darí ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé ọlọ́kọ̀ lè sùn, ọkọ̀ á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀, kò sí epo. Atẹ́gùn nìkan ni.

Ó wá dá àbá pé kí wọ́n ṣe ìdíje kan. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ kan, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà, lórí òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ní ó fẹ́ pa àwọn ènìyàn. Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Oṣù Kẹfà ọdún 1960, wọ́n gbéra ní Plymouth. Ìwé ìròyìn Observer ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni márùn-ún ni gbogbo wọn. Francis Chichester ló kọ́kọ́ dé New York, lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Hasler ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn ọjọ́ 48. Gbogbo àwọn márààrún ló gúnlẹ̀ láàyè. Inú mi dùn láti sọ gbólóhùn yẹn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú. Lónìí, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan dá wa ọkọ̀ la òkun ńlá já nínú ìdíje, inú àbá tí Hasler dá yẹn ni ọ̀nà náà ti ṣí.

Ó fẹ́yàwó nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó bí ọmọ méjì. Ó dáko ní ìwọ̀ oòrùn Scotland. Oṣù Karùn-ún ọdún 1987 ló jáde láyé, ní ẹni ọdún 73. Sparks, ọmọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe, wà láàyè títí di ọdún 2002. Lọ́dún 2011, wọ́n ṣí òkúta ìrántí kan ní Pointe de Grave, lẹ́nu odò Gironde. Ará Faransé àti ará Gẹ̀ẹ́sì ló jọ pé jọ síbẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ náà wà lára rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí. Ta ni nínú yín tí bàbá rẹ̀, tàbí bàbá bàbá rẹ̀, lọ sí Bọ́mà? Kí ló sọ fún yín nípa ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun? Ṣé ọ̀gá náà bá wọn lọ, àbí ẹ̀yìn ló dúró sí? Ẹ pè wá, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Bí àgbà kan bá wà nílé yín tó ṣì rántí ìtàn yẹn, ẹ sún mọ́ ọn lálẹ́ yìí, kí ẹ bi í léèrè orúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ. A ó ka àwọn orúkọ náà síta lórí ètò yìí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.